Lẹ́tà Tó Ń Rẹ́rìn-ín Lójú Oórì

Ẹni tó bá mọ Iyaro ní Benin dáadáa á ti rí lẹ́tà tí Adéṣínà ń kọ sára pátákó ìsọ̀, kódà tí kò bá mọ Adéṣínà fúnra rẹ̀. Lẹ́tà náà sanra, ó rí roboto bíi pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, kò ní igun kankan tó lè gún èèyàn lójú. Ó tún fì síwájú díẹ̀, bí ọmọdé tó fẹ́ sáré lọ bá ìyá ẹ̀. Onídìrí ń wá a, jẹ́lé-ó-sinmi ń wá a, ẹni tó ń ta áìsìkiriìmù náà ń wá a.

Títíloyè ìyàwó ẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ ọ́ fún, lára pákó ìsọ̀ tó ti ń din pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù. Obìnrin náà a sì máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọkọ òun ò mọ nǹkan kan kọ ju ẹ̀rín lọ.

Àbí irọ́ ló pa? Nígbà tó kú, tí wọ́n sin ín sí Benin níbí, Adéṣínà ní kò sẹ́ni tó máa kọ orúkọ ìyàwó òun sójú oórì bí kò ṣe òun. Ó kun sìmẹ́ńtì náà ní funfun, ó mú búrọ́ọ̀ṣì, ó sì fi ọwọ́ tó ní kọ ọ́. Orúkọ náà sanra, ó fì síwájú, ó ń rẹ́rìn-ín. Pẹ̀lúmi ọmọ wọn wò ó, ó ní, "Daddy, e resemble Mummy."

Bámidélé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, wá dé láti Àkúrẹ́. Ó dúró níwájú oórì náà títí.

"Adéṣínà, ṣé pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù ni àbúrò mi ń tà lọ́run ni?"

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Bí ọwọ́ mi ṣe ń lọ nìyẹn."

"Ìwọ lo kọ ọ́. Ìwọ náà ni kó o pa á rẹ́."

Ta ló ń bá àna jiyàn? Ẹni tó fúnni lọ́mọ ti parí oore. Adéṣínà bu ọ̀dà funfun, ó kun orúkọ náà títí kò fi sí mọ́. Ó wá fi rúlà kọ èyí tó dúró ṣánṣán, bíi ti ara ilé ẹjọ́. T àkọ́kọ́ fì. Ó pa á rẹ́, ó tún un kọ, ó tún fì. Bámidélé ní kó pa ìyẹn náà rẹ́, kó fi í sílẹ̀ ní funfun bẹ́ẹ̀, pé òun máa gbé òkúta mábù tí wọ́n gbẹ́ orúkọ sí wá.

Mábù ò dé. Wọ́n pe Bámidélé, ó ní òun ń bọ̀. Nígbà tó yá, kò gbé ìpè mọ́. Òjò dé, koríko hù. Ẹni tó gba ìsọ̀ Títíloyè ti fi bánà bo pákó ọjọ́sí. Kọ̀ǹpútà ló tẹ lẹ́tà ara ẹ̀, roboto, tó fì síwájú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ti Adéṣínà, àmọ́ orúkọ ẹlòmíì ló kọ.

Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, bàbá àtọmọ mú àdá lọ síbi oórì. Àwọn oórì tuntun ti yí ibẹ̀ ká, funfun báláú, tí ọ̀pọ̀ wọn ò lórúkọ. Adéṣínà ṣán koríko ìdí èyí, ó ṣán ti ìyẹn, ó ń fọwọ́ pa ojú sìmẹ́ńtì bóyá ojú lẹ́tà tó fi ọ̀dà bò á hàn sí i lọ́wọ́.

"Daddy, which one?"

Ó gbé àdá sílẹ̀. "Ọmọ mi, mi ò mọ̀ ọ́n mọ́."