Àfọ̀ Tí Wọ́n Dí

Mo rántí ìgbà tí mò ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìn ilé ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, lọ́nà Sẹ̀kọ̀nà, nígbà tí mi ò tíì pẹ́ nílé ọkọ. Abo kan ṣoṣo ni mo ní, ó sì lóyún. Ìta gbangba ló ń gbé, nínú ọgbà onípákó tí kò ní òrùlé, tí kò sì sí igi nítòsí. Àfọ̀ rẹ̀ nìkan ló fi ń la ọ̀sán já, ìyẹn kòtò ẹrẹ̀ tó fi imú ara rẹ̀ wú sí igun ọgbà. Bí oòrùn bá ti mú, á wọ ibẹ̀, á yíra títí, á wá sùn fọnfọn. Ẹlẹ́dẹ̀ kì í làágùn bíi tiwa, ẹrẹ̀ ló fi ń tutù.

Alàgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni wọ́n, wọn kì í fẹ́ ìdọ̀tí. Bí wọ́n bá ti rí i nínú ẹrẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ ń pàfọ̀, ó rò pé òun ń ṣoge!” Èmi ìyàwó tuntun, ọlọ́gbọ́n, á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ìgbà tí ìbímọ ẹlẹ́dẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, mo lọ kí ìyá mi. Kí n tó dé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti dí àfọ̀ náà, wọ́n ti da sìmẹ́ǹtì sí gbogbo ilẹ̀ ọgbà, ó ń dán.

“Ìyàwó, wá wò ó! Aláboyún kì í bímọ sínú ẹrẹ̀.”

Ọkọ mi ń wolẹ̀. Ìyá mi sì ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Mo kàn ní, “Bùrọ̀dá, oòrùn ńkọ́, sà?” Wọ́n ní, “Ẹlẹ́dẹ̀ ò sunkún, ìwọ lò ń bá a sun ún.”

Ìgbà ooru ni, kànga ti ń gbẹ. Omi tí mo bá dà sí i lára kì í pẹ́ gbẹ. Mo ta àpò ìrẹsì bò ó, atẹ́gùn gbé e lọ. Ẹranko yìí wá ń fi imú wú sìmẹ́ǹtì, níbi tí àfọ̀ rẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ gan-an, títí imú rẹ̀ fi bó. Háà! Ó dùn mí wọra. Èmi náà rèé, korobá òfìfo lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sán gangan ló rọbí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, etí rẹ̀ pọ́n. Ó bí mẹ́ta, agbára rẹ̀ pin. Kí ilẹ̀ tó ṣú, àti ìyá àti ọmọ ti kú. Omi bọ́ lójú ẹ̀gbọ́n ọkọ mi.

“Kò sóhun tá ò ṣe fún un,” ni wọ́n wí. “Oòrùn ọdún yìí mà le o.”

Mo ní, “Ó le, sà.”

Mo ti dàgbà báyìí, mo rò pé mo ti lẹ́nu. Láìpẹ́ yìí, ọ̀kadà gbé mi kọjá ilé kan, mo rí ẹlẹ́dẹ̀ tó ń mí gúlegúle lórí sìmẹ́ǹtì gbígbóná. Mo ní kó dúró, mo lọ kan ilẹ̀kùn. Baba arúgbó kan jáde, ẹ̀rín kún ẹnu wọn. “Ilẹ̀ yẹn lẹ̀ ń wò, àbí? Ọmọ mi ló ṣe é fún ẹlẹ́dẹ̀ wa.”

Mo ní ó dára gan-an ni, mo sì padà sórí ọ̀kadà.