Àáró Tó Kù Nílẹ̀

Àwọn ará Igbó-Ọrà tó ń pe Obadiah Bámiṣẹ́ ní Ará Òkè Òkun mọ̀ dáadáa pé kò sí òkun kankan láàárín Igbó-Ọrà àti Kétu. Bodè kan ló wà níbẹ̀, àti eruku tó pọ̀. Síbẹ̀, ilẹ̀ òkèèrè ni ilẹ̀ òkèèrè ń jẹ́, ọdún mọ́kànlá gbáko ni ọkùnrin yìí sì fi sinmi níbẹ̀ lórílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, láìṣàìsàn, láìdarúgbó.

Iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀gá sítọ́ọ̀ ni ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣe fóòmù n'Íbàdàn. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni nígbà tí wọ́n ní ẹ̀rọ tuntun ti dé, àwọn ò nílò àwọn kan mọ́. Wọ́n fún un lówó díẹ̀, wọ́n gbé aago ara ògiri kan lé e lọ́wọ́, wọ́n ní ó káre. Aago, fún ẹni tí kò ní ibi tí yóò tètè dé mọ́! Ó kó ẹrù padà sí Igbó-Ọrà, sọ́dọ̀ Keturah ìyàwó rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà. Ibi gbogbo tó bá kọjá ni wọ́n ti ń bi í pé, "Bàbá Tèmítọ́pẹ́, ṣé líìfù yín ò tíì tán ni?" Ojú tì í gan-an.

Wàhábì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, ló ní kó wá dáko. Wọ́n fi Àyándèjì, àgbẹ̀ kan ládùúgbò wọn, kún un, àwọn mẹ́ta wá ń ṣe àáró: wọ́n á jọ ṣiṣẹ́ lóko ẹnì kan lọ́sẹ̀ yìí, wọ́n á bọ́ sí ti ẹlòmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, títí yóò fi kárí. Ti Obadiah ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n kọ ebè fún un títí ẹ̀yìn wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kán. Wọ́n ṣe ti Àyándèjì. Ọ̀sẹ̀ tó kan Wàhábì gan-an ni ẹnì kan tó bá Obadiah ṣiṣẹ́ rí pè é lórí fóònù láti Kétu, pé kò sí ohun tó wọ́n níbẹ̀, pé owó ọwọ́ rẹ̀ tó láti fi sinmi bí ìjòyè. Láàárọ̀ ọjọ́ tí Wàhábì dúró lóko tòun ti ọkọ́ méjì, ọ̀kadà ti gbé Obadiah dé ojú bodè.

Ṣé ó sinmi? Ó sinmi o! Láràárọ̀ ló ń jókòó sábẹ́ igi máńgòrò kan, tí á máa fi búrẹ́dì tó gùn bí apá rẹ̀ mu kọfí. Ó kọ́ gbólóhùn Faransé mẹ́rin, kò rí ẹni sọ ọ́ fún, torí Yorùbá ni gbogbo àdúgbò ń sọ. Ó gbé aago kọ́ ògiri, ó ń wò ó. Ọdún kìíní dùn. Nígbà tó fi máa di ọdún kẹta, ó ti mọ iye ẹ̀ka tó wà lára igi máńgòrò náà.

Gbogbo ìgbà tí ilé-ìwé bá gba ìsinmi ni Keturah ń wá kí i, pẹ̀lú gàrí àti ìròyìn ilé. Ìròyìn kan náà ló sì máa ń kẹ́yìn: "Wàhábì ní kí n kí yín. Ó ní àáró òun ṣì kù."

Obadiah á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á ti abọ́ oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kì í ṣe ebè ló ń bà á lẹ́rù. Ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí kò bi í léèrè líìfù ni Wàhábì, òun náà gan-an ni Obadiah sì já jù sílẹ̀. Ẹ̀rù ń bà á pé bí òun bá padà, Wàhábì lè má ka òun sí ọ̀rẹ́ mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, Keturah náà fẹ̀yìn tì. Ó ní, "Bàbá Tèmítọ́pẹ́, orúnkún mi ò gba ọ̀kadà mọ́. Ẹ wálé, àbí kí ẹ kúkú fẹ́ igi máńgòrò yín." Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Obadiah ká aago rẹ̀, ó wálé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ra ọkọ́ tuntun, ó gba oko Wàhábì lọ. Láti Kétu ló ti ń to ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀ bọ̀, ṣùgbọ́n Wàhábì ò jẹ́ kó yanu.

"O pẹ́ díẹ̀," ló wí, bí ẹni pé àná ni wọ́n ṣàdéhùn. Ó mú un lọ sí ìpẹ̀kun oko. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ ló mọ́ tónítóní, àfi igbó kan báyìí láàárín, tí igi inú rẹ̀ ti nípọn tó itan ènìyàn.

"Èwo tún lèyí?"

"Ti Obadiah ni. Ibi tó yẹ kí o kọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn, mi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Koríko lásán ni nígbà tí o lọ."

Obadiah wo igi, ó wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. Ó padà sílé lọ mú àdá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ṣe é, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ bó. Wàhábì jókòó síbi òjìji, ó ń fi ẹnu lásán ràn án lọ́wọ́: "Jẹ́ kó ga díẹ̀. Àbí bí wọ́n ṣe ń kọ ebè lọ́dọ̀ àwọn Faransé nìyẹn?" Nígbà tó kọ èyí tó kẹ́yìn, ó dúró, ó ń retí kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Wàhábì dìde, ó gbọn koríko nídìí. "Àyándèjì ti fi ọkọ́ sílẹ̀ fáwọn ọmọ rẹ̀, ó kù wá méjì. Ó ti kárí, ọ̀dọ̀ rẹ la tún ti máa bẹ̀rẹ̀. Níbo loko rẹ wà?"

Obadiah ò ní oko mọ́. Omi lé sí i lójú. "Ẹ̀yìnkùlé Keturah nìkan ló wà."

"Ó dáa. Mò ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun."

Ó wá lóòótọ́. Ebè mẹ́fà péré ni ẹ̀yìnkùlé náà gbà. Wàhábì kọ márùn-ún, ó nàró, ó nu ọkọ́ rẹ̀, ó dé fìlà.

"Ó ku ẹyọ kan o," ni Obadiah wí.

"Mo mọ̀. Tí mo bá ti Kétu dé, n ó kọ ọ́."

Obadiah rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Keturah gbé ọ̀gbìn ẹ̀fọ́ dé, ó ní ṣé kí òun gbìn ín síbi tó ṣófo yẹn.

"Má fọwọ́ kàn án," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Ti Wàhábì ni."