Baálẹ̀ Òkun Mónìyà

Ọjọ́ tí Múyì télọ̀ dákú sínú òkun Ọláníran ni òkìkí ẹni tó ni òkun náà kàn dé ìlú Ìrókò. Òkun yìí kò sì ní ẹ̀kán omi kan. Orí ilẹ̀kùn àlòkù tí wọ́n gbé lé àgbá méjì ló wà, níwájú ṣọ́ọ̀bù tí Ọláníran ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Mónìyà, ní àdúgbò tí ẹnikẹ́ni kò rántí ìgbà tí omi ẹ̀rọ yọ kẹ́yìn. Eré ni wọ́n ń ṣe. Kálukú á fi ọkàn dá ẹnì kan sílẹ̀, á sọ ọ́ lórúkọ, á sì sọ ohun tí ẹni náà fẹ́ ṣe nínú ọkọ̀ ojú omi. Ọláníran á sọ ohun tí òkun fi dá a lóhùn, wọn á wá ju dáìsì láti mọ̀ bóyá ó bọ́ sí i tàbí kò bọ́ sí i. Lọ́jọ́ náà, èèyàn Múyì wọ ìsàlẹ̀ omi lọ wá wúrà. Ọláníran pàṣẹ pé ẹni tí èèyàn rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi, òun náà kò gbọdọ̀ mí. Múyì di imú mú títí ó fi ré lulẹ̀ lórí àga.

Àwọn tó ń dúró de mọ́tò Ọ̀yọ́ sáré wá. Ẹnì kan ní kí wọ́n bu omi lé e lórí. Ọláníran na ọwọ́ dá a dúró, ó ní ṣé wọn kò rí i pé omi ló ti pọ̀ jù lára ọkùnrin náà ni.

Mùjíbátù, tó ní ẹ̀rọ ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ló bu omi náà níkẹyìn. Kò sí ẹni tí obìnrin yìí ń fojú tẹ́ńbẹ́lú tó Ọláníran. Àgbàlagbà tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ọmọ ìjọ Aládùúrà, tí wọ́n bí sí oko iṣu ní Ìjàyè, òun ni yóò fi fìlà bo ojú kan, tí yóò ní kí wọ́n máa pe òun ní Baálẹ̀ Òkun. Bẹ́ẹ̀ kò rí òkun rí. Odò kan wà lọ́nà oko rẹ̀ tí omi rẹ̀ kò mu ẹsẹ̀ adìyẹ, Ọláníran á ká ṣòkòtò dé itan kó tó sọdá rẹ̀, á sì máa pe Jésù.

Sanmí, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, ló fa wàhálà náà. Òyìnbó olùkọ́ kan tó ń padà sílé fún un ní páálí eré kan: ìwé ńlá kan àti àwọn dáìsì bíi ti lúdò, àmọ́ tí ọ̀kan nínú wọn lójú ogún. Sanmí gbé e sílé Ọláníran, ikán sì wọ inú ìwé náà. Wọ́n jẹ apá tó sọ̀rọ̀ igbó, wọ́n jẹ apá òkè, wọ́n jẹ tàwọn ọba àti idà wọn, òkun nìkan ni wọ́n fi sílẹ̀. Ká ní igbó ni wọ́n fi sílẹ̀ ni, Mónìyà ì bá sinmi, torí igbó kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Sanmí ka ìyókù fún un nígbà ìsinmi kan, ó sì padà sílé ìwé. Àwọn ọlọ́kadà ti gba oúnjẹ lẹ́nu kẹ̀kẹ́ lákòókò yẹn, ìdí nìyẹn tí Ọláníran fi ráyè jókòó, tó ń fi orí ara rẹ̀ dí gbogbo ibi tí ikán jẹ.

Èyí tó burú jù ni ti ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ọyẹ́ ṣe dé, Ọláníran kéde pé òkun ti gbẹ. Wándé, dírẹ́bà tó ń ná Èkó, ní òun ti fi ojú òun rí òkun nínú ọyẹ́, kò sì gbẹ.

"Wándé, odò wo lo mọ̀ ní gbogbo Akínyẹlé yìí tí kì í fà lọ́gbẹlẹ̀?"

"Baba, kì í ṣe odò. Òkun ni."

"Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ní í gbẹ. Èyí tó wà lórí tábìlì mi ti gbàgbé."

Báyìí ni ọkọ̀ náà ṣe rì sínú ẹrẹ̀ títí òjò àkọ́rọ̀ fi dé. Nígbà tí ebi fẹ́ pa àwọn inú rẹ̀, Ọláníran ní kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ kí wọ́n gbin tẹ̀tẹ̀ sí àkùrọ̀ òkun. Wọ́n ju dáìsì kí ẹ̀fọ́ lè hù. Wọ́n ju dáìsì kí kòkòrò má jẹ ẹ́. Mùjíbátù rẹ́rìn-ín nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ọwọ́ kan bẹ́líìtì.

Ó pinnu pé òun yóò dójú tì í. Ó gbé àga wá, ó jókòó sídìí òkun náà. Ọláníran bi í léèrè ohun tó ń wá lójú omi, torí gbogbo àwọn yòókù, wúrà ni wọ́n ń wá.

"Mẹ́kà ni mò ń lọ," Mùjíbátù dáhùn. "Bí òkun yín bá jẹ́ òkun lóòótọ́, kó gbé mi débẹ̀."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú ló ti ń tọ́jú owó Hájì, àti pé bó ṣe ń lé owó ọkọ̀ òfuurufú náà ni ó ń sá fún un. Ọláníran nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òkun yóò gbé e débẹ̀. Lójú ẹsẹ̀ ló yí orí ọkọ̀ padà sí Mẹ́kà, kò sì bi àwọn tó ń wá wúrà. Múyì ní kó yáa máa pe obìnrin náà ní Àlájà nígbà náà. Ọláníran kọ̀. Ó ní ẹni tí kò tí ì dé Mẹ́kà kì í jẹ́ Àlájà, ìbáà jẹ́ lórí ilẹ̀, ìbáà jẹ́ lórí tábìlì.

Mùjíbátù mọ̀ pé eré ni. Ọlọ́run kò ní ka ilẹ̀kùn àlòkù sí Hájì fún ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀ ó di pé bí oòrùn bá ti rọ̀, tí àwọn aláta bá ti lọ, ọkàn rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀nà Mẹ́kà. Ó fẹ́ dé. Ó sọ fún àwọn èèyàn pé ìtìjú baba náà lòun ń dúró wò, ó sì fi ọ̀pọ̀ ọdún dúró wò ó.

Ṣùgbọ́n wọn kì í dé. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ súnmọ́ etí ilẹ̀, Ọláníran á rí nǹkan dá sílẹ̀. Ẹja gbé àjẹ̀ ọkọ̀ mì. Atẹ́gùn kú. Èèyàn Wándé bọ́ sómi, ó kú, Ọláníran sì ní ẹni tí omi bá gbé, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí, wọ́n á sì ṣètùtù kí ẹlòmíràn tó kọjá níbẹ̀. Wándé bi í pé àárín gbùngbùn òkun ni ọkùnrin náà kú sí, etí omi dà níbẹ̀? Ọláníran ní ohun tí wọ́n fẹ́ lọ wá nìyẹn, wọ́n sì fi odindi ìgbà òjò kan wá a. Wòlíì kan nínú ìjọ Kérúbù gbọ́ pé wọ́n ń bá ayaba abẹ́ omi ṣe ìpàdé, ó gbé agogo wá, ó yí tábìlì náà ká láìwọ bàtà. Ọláníran kí i dáadáa, ó ní atẹ́gùn ò dára fáwọn, kó bá àwọn ju dáìsì kan. Ogún ló yọ. Lọ́jọ́ kejì, wòlíì padà wá láìmú agogo, ó ń béèrè ibi tí ọkọ̀ dé.

Ó wá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí Ọláníran ní wọ́n ti ń rí iná èbúté Jẹ́dà, ẹnu ọ̀nà Mẹ́kà, lókèèrè. Mùjíbátù pa ẹ̀rọ tòun ti ata oníbàárà nínú. Ó jókòó, ó ká ọwọ́ pọ̀. Ọláníran wo ojú rẹ̀, ó wúkọ́, ó sì ní ọkọ̀ ti fi orí sọ àpáta. Gbogbo wọn rì dé ìsàlẹ̀ òkun. Ihò kan wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè mí, inú rẹ̀ ni wọ́n kó sí, òun nìkan ló sì mọ ọ̀nà àbájáde.

Mùjíbátù dìde. "Baba, ẹ ò fẹ́ kí n débẹ̀ ni. Òpùrọ́ tí kò mọ ibi tí irọ́ òun ń lọ ni yín."

"Òkun kì í hó ruru ká wà á ruru," ni Ọláníran fi dá a lóhùn. "Ṣe sùúrù fún mi."

Kò ní sùúrù. Kò jókòó sídìí tábìlì náà mọ́, kò sì kí i láàárọ̀ tó bá ń ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ibà mú ọkùnrin náà kí òjò tó dá, kò sì dìde níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Múyì, Wándé àti Mùjíbátù lọ kí Títíladé, ìyàwó rẹ̀, tí kò jókòó sídìí eré náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo rí, tí kò sì pè é ní nǹkan mìíràn ju wèrè ìrọ̀lẹ́ lọ. Wọ́n jókòó síta, wọ́n ń wo ilẹ̀. Wándé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ní èyí tó ń dun òun ni pé ìsàlẹ̀ òkun ni baba fi àwọn sí lọ. Múyì ní ṣebí dáìsì ṣì wà, kí wọ́n jù ú. Mùjíbátù fi ìbínú bi í pé ta ni yóò wá sọ ohun tí òkun wí? Inú ń bí i sí òkú náà gidigidi, ó sì ń dùn ún pé ọ̀rọ̀ tóun sọ sí i kẹ́yìn kò dára.

Títíladé, tó ń bu oúnjẹ nínú ilé, gbọ́ wọn. Ó jáde wá tòun ti ṣíbí.

"Kò sí Àlájì tó ti Mẹ́kà dé ní Mónìyà yìí tí ọkọ mi kò lọ bá," ló wí. "Á ní kí wọ́n sọ bó ṣe rí fóun. Ọ̀kan á ní ooru ni. Ọ̀kan á ní èrò ló pọ̀. Òmíràn ò ráyè sọ ju rédíò tó rà bọ̀ lọ. Á délé, kò ní lè sùn. Ó ní irọ́ òkun ò já mọ́ nǹkan kan, àmọ́ ibi tí Mùjíbátù ń lọ, òun ò gbọdọ̀ purọ́ ẹ̀ fún un, òun ò sì mọ bó ṣe rí. Ìdí tó fi ń dá ọkọ̀ yẹn dúró nìyẹn."

Wándé fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

"Ẹ gòkè wá nínú omi yẹn," Títíladé wí. "Ó ti tó. Ẹ wá jẹun." Ó wá yíjú sí Mùjíbátù. "Àlájà, ẹ̀yin náà, ẹ máa bọ̀."

Mùjíbátù fẹ́ sọ fún un pé òun kò tí ì dé. Ó fi í sílẹ̀. Ó dìde, ó tẹ̀ lé e wọlé, omi ń dà lójú rẹ̀ wàràwàrà, ó ń ṣépè fún Ọláníran lábẹ́lẹ̀, ó ní irú òpùrọ́ wo lèyí.