Ìyá Bẹ́ẹ̀-Ló-Rí àti Àwọn Olówó Ìrànwọ́

Títí di òní, bí wọ́n bá dárúkọ Ìyá Bẹ́ẹ̀-Ló-Rí, ọ̀rọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó tẹ́ sórí tábìlì àwọn olówó ìrànwọ́ ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń sọ. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ gan-an ló mọ̀ ọ́n sọ jù. Akọ̀wé nìkan ló bá a débẹ̀, Akọ̀wé kì í sì í sọ ọ́, nítorí pé ojú ò tì í tó bẹ́ẹ̀ rí láyé.

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Ìyá fi fọṣọ ní ọsibítù. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò jókòó sílé. Ó kó obìnrin márùn-ún jọ sí yàrá kan lẹ́yìn ilé búrẹ́dì tó ti kógbá sílé, wọ́n ra ẹ̀rọ ìfọṣọ àlòkù kan, wọ́n sì ń fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí àìsàn tàbí ogbó ti dá dùbúlẹ̀ sílé, tí wọn kò lè dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Akọ̀wé, tó ti tẹ̀wé ní kóòtù títí irun rẹ̀ fi funfun, ló ń bá wọn kọ lẹ́tà. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn ti ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń bẹ àjọ tó ń pín owó ìrànwọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò pé kí wọ́n ra òmíràn fún wọn. Ẹ̀rọ ìfọṣọ kan péré. Wọn kò tọrọ ilé, wọn kò tọrọ mọ́tò.

Àjọ náà kọ̀wé pé kí wọ́n mú ẹ̀rí wá pé àwọn èèyàn nílò iṣẹ́ wọn. Akọ̀wé jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin, ó tẹ ojú ìwé mọ́kànlá, ó fi rúlà fa ìlà sí i. Ìyá wò ó, ó ní ó dára, ó sì gbé báàgì ọ̀rá kan tó di lẹ́nu pinpin dání. Akọ̀wé rò pé oúnjẹ ọ̀sán ni.

Èèyàn méje ló jókòó yí tábìlì gígùn kan ká, omi inú ìgò níwájú oníkálukú. Alága wọn, obìnrin kan tó wọ gíláàsì, ní, "Màmá, ẹ jẹ́ ká rí ẹ̀rí yín." Ìyá tú báàgì. Ó na aṣọ bẹ́ẹ̀dì kan sórí tábìlì náà, ó fọwọ́ tẹ́ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù.

"Ẹ̀rí nìyí. Àárọ̀ yìí ni mo yọ ọ́ lábẹ́ bàbá kan. Mi ò tíì fọ̀ ọ́, kí ẹ má baà ní mo ti ba ẹ̀rí jẹ́."

Wọ́n dìde bí ẹni tí iná ta sí lára. Ọ̀kan sáré lọ sídìí fèrèsé, ṣùgbọ́n fèrèsé náà kò ṣeé ṣí, torí ẹ̀rọ amúlétutù ni wọ́n ń lò.

"Màmá, ẹ ká a! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ká a!" Ìwé ojú mọ́kànlá tí Akọ̀wé tẹ̀ ni Alága fi bo imú.

"Ṣé ó ti tó, àbí kí n lọ mú ti ìyá kan wá? Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ló rí."

Gbólóhùn yẹn ló fi ń parí gbogbo ọ̀rọ̀, ibẹ̀ sì ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Lójú ọ̀nà, Akọ̀wé kò lè pa á mọ́ra mọ́. Ó ní, "Ìyá, ojú tì mí lónìí." Ìyá dúró láàárín títì, ó wò ó láti òkè délẹ̀. "Ojú tì ọ́? Ṣé ìwọ lo sùn lórí ẹ̀ mọ́jú ni?"

Lẹ́tà tó tẹ̀lé e sọ pé ẹ̀rí wọn kò bá ìlànà mu.

Ẹ gbọ́ ná, kí lẹ rò pé ó wà nínú fọ́ọ̀mù tí àjọ náà ní kí wọ́n máa kọ lọ́dọọdún? Ó yẹ kí inú bí ẹnikẹ́ni tó bá kà á. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tó ní: "Láàárín ọdún mẹ́ta, báwo ni àwọn tí ẹ ń ràn lọ́wọ́ yóò ṣe kúrò lẹ́ni tó nílò yín?" Akọ̀wé, tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dídùn ní í yọ obì lápò, tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ẹgbẹ́ yóò kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa dá dúró lẹ́sẹ̀ ara wọn.

"Ta ni yóò dúró lẹ́sẹ̀ ara rẹ̀?" ni Ìyá bi í. "Bàbá tí àrùn ti rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀?"

"Ìyá, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá gba fọ́ọ̀mù náà. Ó fi bírò fa igi lórí gbogbo ohun tí Akọ̀wé tẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sábẹ́ rẹ̀ pé, "Wọn yóò kú." Nítorí pé wọ́n kọ́ ọ nílé, ó fi "Ẹ ṣeun" sí i.

Wọn kò fún wọn lọ́dún náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ìbéèrè mìíràn yọjú: "Kí ni ohun tuntun nínú iṣẹ́ yín?" Ìyá ní kí Akọ̀wé kọ ọ́ pé kò sí, aṣọ dọ̀tí, wọ́n fọ̀ ọ́, ó tún dọ̀tí, wọ́n tún fọ̀ ọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta kan ló gba owó ọdún yẹn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ ṣe ohun kan tí yóò máa dún lórí fóònù bí aṣọ abẹ́ aláìsàn bá ti tutù. Nígbà tí Akọ̀wé ka ìròyìn náà fún un, Ìyá jókòó sílẹ̀ lórí àpótí.

"Ẹni tó wà lórí ẹ̀, ṣé kò mọ̀ ni?"

"Ìyá, ó jẹ́ ohun tuntun."

"Tó bá dún tán ńkọ́, ta ni yóò fọ̀ ọ́?"

Àwọn àgbà ní òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Wọn kò sọ fún wa pé àwọn tó ń rà á yóò tún máa pè é ní àánú.

Ní ọdún kan, àjọ náà pe gbogbo ẹgbẹ́ sí òtẹ́ẹ̀lì fún ọjọ́ mẹ́ta, kí wọ́n wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù. Owó tí wọ́n ná síbẹ̀ ì bá ra ẹ̀rọ ìfọṣọ mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá Ìyá tì. Akọ̀wé ló rí i nísàlẹ̀ ilé, ní yàrá tí òtẹ́ẹ̀lì ti ń fọṣọ, tó ká apá aṣọ sókè, tó ń fi han àwọn òṣìṣẹ́ bí wọ́n ṣe ń yọ àbàwọ́n epo kúrò lára aṣọ tábìlì. Nígbà tí olùkọ́ béèrè lọ́wọ́ oníkálukú ohun tó rí kọ́, Ìyá dìde, ó ní òun rí i kọ́ pé wọn kò mọ aṣọ fọ̀ níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ìwé ẹ̀rí. Ó fi dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn tí èkúté ń gbà wọlé.

Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n kọ fọ́ọ̀mù, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni wọ́n dá wọn padà. Lẹ́yìn ìkẹsàn-án ni ẹ̀rọ àlòkù náà dákẹ́ pátápátá. Ìyá ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ fọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nínú ọpọ́n ńlá. Ọjọ́ kẹtàlá, lọ́sàn-án gangan, wọ́n bá a lórí àpótí tó jókòó lé, orí rẹ̀ fara ti ògiri, ọwọ́ rẹ̀ ṣì tutù fún omi. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ ló dáwọ́ dúró. Akọ̀wé ní irọ́ ni, fọ́ọ̀mù ló pa á.

Àwọn obìnrin márùn-ún yòókù gbìyànjú, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn bó. Wọ́n sọ fún Akọ̀wé pé bí oṣù bá fi lè parí láìsí ẹ̀rọ, àwọn yóò ní láti fi ìdajì àwọn aláìsàn náà sílẹ̀. Wọ́n ní kí ó bá àwọn ṣa àwọn tí àwọn yóò fi sílẹ̀, torí òun ló mọ̀wé. Ó gbé ìwé orúkọ náà délé. Kò lè fa igi lórí ẹyọ kan.

Ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni Alága onígíláàsì wọ yàrá ìfọṣọ pẹ̀lú òdòdó. Ó ní àjọ àwọn kẹ́dùn púpọ̀. Ó ní àwọn fẹ́ gbé àwòrán Ìyá síwájú ìwé ọdọọdún àwọn, kí ayé lè mọ akọni obìnrin tí àwọn jọ ṣiṣẹ́. Ọjọ́ a bá kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè.

Akọ̀wé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn rẹ̀ lókè rí, ní, "Àwòrán ń bẹ. Ẹ̀rọ ńkọ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ọ̀tọ̀ nìyẹn. Ẹ máa kọ fọ́ọ̀mù tuntun."

"Ẹ jókòó."

Kò sí àga, orí òkìtì aṣọ tí wọn kò tíì fọ̀ ni Alága jókòó sí. Akọ̀wé ki fọ́ọ̀mù tuntun kan bọ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ dídùn tó ti ń wá sí i lọ́wọ́ lọ́dún mẹ́sàn-án tún wá, kò sì sí ẹni tí yóò fa igi lórí wọn mọ́. Mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni àwọn tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì. Irọ́ kékeré kan, bóyá wọ́n á gbà. Ó wò ó títí, inú sì ń bí i. Lábẹ́ "Kí ni ohun tuntun nínú iṣẹ́ yín?" ó tẹ ìlà kan ṣoṣo: "Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ti kú."

Alága kà á. "Sà, ìgbìmọ̀ kò ní gba èyí."

"Kí wọ́n má gbà á. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àwòrán Ìyá bá jáde láìsí ẹ̀rọ níbí, lọ́jọ́ náà ni n óò lẹ lẹ́tà mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ẹ fi kọ̀ fún un mọ́ ara géètì yín. Mo ní ẹ̀dà wọn. Akọ̀wé kóòtù ni mí."

Alága dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀. Ó mú fọ́ọ̀mù náà lọ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, ẹ̀rọ ìfọṣọ tuntun dé, pẹ̀lú orúkọ àjọ náà lára rẹ̀ gàgàrà. Akọ̀wé náà kò lẹ lẹ́tà kankan mọ́ géètì, ó sì fún wọn ní àwòrán. Àwòrán kan ṣoṣo tí Ìyá ní ni èyí tó ti la ẹnu, tó na ìka sí ayàwòrán tó ń bá jà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ jáde. Wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìyá onísùúrù."

Akọ̀wé fúnra rẹ̀ ló fọ ẹrù àkọ́kọ́, ó sì gbé e lọ fún tíṣà àgbà kan tó ti wà lórí bẹ́ẹ̀dì fún ọdún méje. Tíṣà fa aṣọ náà mọ́ imú, ó wò ó.

"Ta ló fọ èyí?"

"Èmi ni, mà."

"Ọṣẹ ṣì wà nínú ẹ̀. Ìyá ò jẹ́ gbé irú èyí wá bá mi."

"Ẹ̀rọ tuntun ni, mà."

"Ẹ̀rọ tuntun kọ́ ni mo bi yín."

Wọ́n wo ara wọn. Tíṣà ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, Akọ̀wé tẹ̀lé e, wọ́n rẹ́rìn-ín títí tíṣà fi ní kí ó bá òun nu ojú. Akọ̀wé jókòó létí bẹ́ẹ̀dì.

"Mo ń bínú sí i, mà. Gbogbo nǹkan ló kọ́ mi, kò kọ́ mi ní aṣọ ṣíṣàn."

"Ó yá, ẹ lọ kọ́ ọ."

Ó ká aṣọ náà, ó gbé e padà sí yàrá ìfọṣọ. Ó ṣàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sí imú, kò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Àwọn obìnrin náà gbọ́ tó ń dá sọ̀rọ̀ níbi ẹ̀rọ: "Ó ti mọ́ báyìí, Ìyá. Mo ní ó ti mọ́." Ó tún pọn omi sí i.