Ọwọ́ Tí Ìyá Láyí Fín Sára Bàbà

Bí ẹ bá rí Magdalene Oyèbánjí, ìyá Láyí, níbi tó ti ń ta aṣọ ọmọdé ní ilé ìtajà Vicarage Field ní London, ẹ ó rò pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Irọ́ ni. Láti ìgbà tí a jọ ń gbé ní Peckham ni mo ti mọ̀ pé olóríkunkun ni.

Lọ́dún tó kọjá, ó lọ forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ bí a ṣe ń fín àwòrán sára bàbà, kí a lè fi tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Eden, olùkọ́ wọn, fi àwòrán ilẹ̀ Yúróòpù kan tí wọ́n ń pè ní Baroque hàn wọ́n, iṣẹ́ nǹkan bí irínwó ọdún sẹ́yìn: arúgbó kan lábẹ́ igi. Irú ìlà kan náà ni wọ́n fi fín èèpo igi àti awọ ara bàbá náà. Ìyá Láyí ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé ara àgbàlagbà lẹ́wà bí igi.

Oṣù márùn-ún ló fi fín tirẹ̀: ìyá aládùúrà kan láìwọ bàtà, lábẹ́ igi kan ní pápá Eastbrookend, tó na ọwọ́ ọ̀tún sókè. Alàgbà Ọlágòkè, olórí ìjọ wa ní Castle Green, ti ṣèlérí pé a ó gbé e kọ́ sára ògiri ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìkórè. Àmọ́ bí a bá tẹ bàbà sórí bébà, apá ọ̀tún á di òsì. Ìyá Láyí rántí fín ọ̀rọ̀ "Ẹ yin Olúwa" inú rẹ̀ sódì kó lè jáde dáadáa. Ọwọ́ ló gbàgbé. Ọwọ́ òsì ni ìyá inú bébà nà sí Ọlọ́run.

Alàgbà fajú ro níwájú gbogbo ìgbìmọ̀. "Ìyá Láyí, what is this? Ẹnìkan kì í fọwọ́ òsì júwe ilé bàbá ẹ̀, ìwọ wá ń fi júwe ọ̀run! Lọ ha á kúrò, kó o fín ọwọ́ ọ̀tún. Otherwise, a ò ní gbé e kọ́ o."

Inú bí mi. Mo mọ̀ pé ọlọ́wọ́ òsì ni obìnrin yìí. Ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìyá rẹ̀ a máa so ọwọ́ náà mọ́ ọn lẹ́yìn bó bá fẹ́ jẹun. Láti ìgbà náà, kò fi ṣe nǹkan kan lójú àwùjọ mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ òsì yẹn ló fi fín gbogbo ìlà wọ̀nyẹn.

"Bàbá, mistake ni lóòótọ́," ló wí. "But nígbà tí mo rí i, mo fẹ́ràn ẹ̀. Mi ò ní ha nǹkan kan."

Ó yọ pẹ́ńsùlù nínú báàgì, ó fọwọ́ òsì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ àwòrán náà. Ó wá fi ọwọ́ kan náà na bébà sí Alàgbà.

"Ẹ gbà á, Bàbá." Kò sì ká ọwọ́ náà kò.