Ohun Tí Mama Ebi Sọ fún Bébà Wa

Títí dòní, bí mo bá rántí ọjọ́ tí Kẹ́mi ka bébà yẹn sókè, orí mi á wú.

Iṣẹ́ wa ní Yaba ni láti ṣe ìlànà ìkọ̀wé kan ṣoṣo fún gbogbo èdè. Àmì kan, ìró kan: ohun tí etí bá gbọ́ ni ọwọ́ ó kọ, ẹni tó bá sì mọ àwọn àmì náà á kà á, ì báà má gbọ́ èdè ọ̀hún rárá. Èmi ni mò ń ya àwọn àmì. Mo yà á, mo pa á rẹ́, mo tún un yà, ojú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́.

Nígbà tó yá, Ẹ̀gbọ́n Wálé, ọ̀gá wa, ní ká dán an wò. Ebi tá a jọ ń ṣiṣẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá láti ilé wọn ní Ìpọ̀nrí. Èdè ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, létí odò, Ebi nìkan ló gbọ́ ọ nínú wa, la bá ní kó jókòó sí yàrá kejì, kó lè sọ bóyá Kẹ́mi, ẹlẹgbẹ́ wa tó máa ka ohun tí mo bá kọ, kà á dáadáa. Mama rò pé Ebi ti padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀ ni.

"Ṣé o gbọ́ èdè mi?" Mama bi mí.

"Rárá o, Mama. Ìró ohùn yín nìkan ni mo fẹ́. Ẹ sọ ohun tó bá wù yín."

Wọ́n wo ilẹ̀kùn, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Èmi ń kọ, inú mi ń dùn, torí kò sí ìró kan tí àmì mi ò gbà.

Kẹ́mi gba bébà, ó lọ bá Ebi ní yàrá kejì, mo tẹ̀ lé e dé ẹnu ọ̀nà. Ó ń kà á láìkọsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀gbọ́n Wálé ti ń pàtẹ́wọ́. Ni Ebi bá fò dìde.

"Dákẹ́! Kẹ́mi, dákẹ́!"

Háà, iṣẹ́ ti bàjẹ́! Mo sáré wọlé. "Ibo ni ò ti dáa?"

"Kò síbi tí ò dáa. Mama ní kókó kan ti wà nínú ọmú àwọn láti ọdún tó kọjá. Pé àwọn ò ní sọ fún mi, kí n má baà sún ìgbéyàwó mi síwájú."

Jésù! Kẹ́mi ju bébà sílẹ̀ bí ẹni tí iná jó. Ọ̀rọ̀ tí ìyá fi pamọ́ fọ́mọ, àwa tá ò gbọ́ ẹyọ kan nínú rẹ̀ la kà á sí i létí!

Mama bínú sí mi gan-an. "O ní o ò gbọ́!" Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilé ìwòsàn fi ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni, ẹ̀pa ì bá má bóró mọ́.

Lọ́jọ́ tí dókítà ní kí Mama máa lọ sílé, Mama fà mí mọ́ra, wọ́n sọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí mi létí ní èdè wọn. Mo na ọwọ́ sí báàgì pé kí n mú bírò. Wọ́n gbá ọwọ́ mi kúrò níbẹ̀.

"Eléyìí, ìwọ nìkan ni mo sọ ọ́ fún."

Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ títí dòní. Mi ò sì bi Ebi.