Òkè Tí Firdaus Kò Gbọdọ̀ Gùn

Láti ọjọ́ tí Tàjùdéèn ti sọ pé Firdaus máa bá wọn lọ gun òkè ní Colorado ni ọ̀rọ̀ ọkùnrin náà ti ń rí Àdùfẹ́ ìyàwó rẹ̀ lára. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Joliet ni Àdùfẹ́ ti ń ṣiṣẹ́. Ó ti kó ìgbẹ́, ó ti nu èébì, kò sì yínmú sí ẹnikẹ́ni rí. Ṣùgbọ́n irọ́ ọkọ rẹ̀ ń rùn sí i.

Firdaus nìkan ni wọ́n bí. Ó ti lé ní ogún ọdún, iṣẹ́ olùkọ́ ló ń ṣe, ẹ̀jẹ̀ SS ló sì ní. Dókítà ti kìlọ̀ fún wọn pé afẹ́fẹ́ ò tó nǹkan lórí òkè gíga, pé ẹ̀jẹ̀ irú tirẹ̀ lè dì mọ́ ọn nínú níbẹ̀, kí ọ̀ràn di ti ikú. Tàjùdéèn wà níjókòó, ó ń mi orí bí ọmọ jẹ́lẹ́ó-sinmi. Bí wọ́n ṣe jáde, ohun tó sọ ni pé, “Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbọ́ o.”

Ìdí ọ̀rọ̀ ò jìnnà. Alhaji Zulkifli tó ń gbé ní Lansing ní ọmọkùnrin kan, Abdulfatah, apoògùn ni, kò sì tíì gbéyàwó. Àwọn bàbá méjèèjì ló gbìmọ̀ pé kí ẹbí méjì jọ lọ gbafẹ́ lórí òkè, kí àwọn ọmọ lè mọ ara wọn lójú àgbà. Wọn ò sọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Ní ọ̀sán ọjọ́ Sunday, Tàjùdéèn àti ẹbí rẹ̀ wa ọkọ̀ láti ilé wọn ní Woodridge lọ sílé Alhaji kí wọ́n lè ṣètò. Ìrìn náà kò le lójú wọn: wọ́n máa wa ọkọ̀ dé ibi tí títì ti gba àárín òkè méjì kọjá, wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn lọ sí adágún kékeré kan, wọ́n á jẹun, wọ́n á padà. Oúnjẹ ni wọ́n fi gbogbo àsìkò jà lé lórí. Hajia Muminat, ìyàwó Alhaji, ní kúlà ìrẹsì méjì ò ní tó. Alhaji, tó ń mí hẹlẹhẹlẹ bó bá gun àtẹ̀gùn ilé ara rẹ̀, ní òun lòun máa ṣíwájú. Àdùfẹ́ ń wò wọ́n.

Abdulfatah, tó ti dé òkè náà rí, ló já lu ọ̀rọ̀ wọn.

“Ẹ jọ̀ọ́, altitude yẹn kì í ṣe play o. Ṣé ẹnikẹ́ni ní asthma, heart problem, àbí sickle cell? I have to ask.”

Tàjùdéèn bú sẹ́rìn-ín. “Ọmọ tèmi kẹ̀? Ara Firdaus le koko bí ọta! Kò mọ ọ̀nà hospital.”

Ẹnu yìí kan náà ló fi sunkún nígbà òtútù tó kọjá, nígbà tó gbé Firdaus wọ ilé ìwòsàn, tí ọmọ ń ké pé egungun òun ń fọ́. Àdùfẹ́ fẹ́ bì. Ó wo ọmọ rẹ̀, ó rí i tí Firdaus tẹ orí ba, tó sì rọra mi í pé bẹ́ẹ̀ ni. Ọmọ ti gbà láti bá ìtìjú bàbá rẹ̀ kú.

“Irọ́ ni!” Àdùfẹ́ pariwo. “SS ni Firdaus. Tó bá gun òkè yẹn, ó lè máà padà wálé. Bàbá ẹ̀ sì mọ̀.”

Hajia Muminat, tó gbé ọwọ́ lé èjìká Firdaus láti ìgbà tí wọ́n ti dé bí ẹni pé ó ti san owó orí rẹ̀, gbé ọwọ́ náà kúrò.

“Thank you, Auntie,” Abdulfatah ní. “Firdaus, we can do something else, a ò ní láti—”

“Abdulfatah,” ìyá rẹ̀ ní, “lọ bá mi pa gáàsì.”

Kò sí nǹkan kan lórí iná. Àdùfẹ́ ti dé kíṣíìnì náà, ó mọ̀. Ìyẹn náà tún kó o nírìíra.

Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, bí wọ́n ṣe jáde ní Lansing ni Tàjùdéèn yíjú sí ìyàwó rẹ̀.

“O ti bà á jẹ́,” ó ní. “Ta ló máa wá fẹ́ ẹ báyìí?”

Firdaus dáhùn láti ẹ̀yìn. “Dad, ká ní Mummy ò sọ̀rọ̀, ṣé ẹ ti máa jẹ́ kí n gun òkè yẹn, for real?”

Tàjùdéèn wo iwájú. Ó ń wa ọkọ̀ náà lọ.

“Ṣebí wákàtí kan péré ni.”

Àdùfẹ́ ní kó dá ọkọ̀ dúró. Kò bá a jà, nítorí kò fẹ́ kí ẹnu òun kan ọ̀rọ̀ náà rárá. Nígbà tí ọkọ̀ dúró létí títì, ó sọ̀ kalẹ̀ níwájú, ó ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sì wọlé jókòó ti ọmọ rẹ̀.